Ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ ṣe lábẹ́ òkun Florida ju fàájì lọ

Béèyàn bá kọ́kọ́ rí àwọn tó ń lo ìsinmi wọn lábẹ́ òkun, yóò rò pé orí wọn ti dàrú ni. Wọ́n á pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn bí ìyá ọlọ́mọ, wọ́n á ki rọ́bà tí wọ́n ń gbà mí bọ ẹnu, wọ́n á wọ bàtà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á wá fẹ̀yìn já sínú omi gbàmù! Owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi máa padà délé, ìtàn ò ní í tán lẹ́nu wọn.

Òkun Florida, ní Amẹ́ríkà, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Key West, wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ràn gan-an. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì mọ́ gaara. Ẹja aláràbarà kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti ayékòótọ́. Iyùn òkun ló máa ń họ jẹ, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á máa gbọ́ bó ṣe ń run ún wómúwómú. Tó bá run ún tán, yanrìn funfun ló máa ń yà lé e. Ẹni tó bá ń yan fanda létí òkun bẹ́ẹ̀, kó yáa mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹja wà nínú ohun tóun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀!

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1993, àwọn kan wọnú omi yìí kan náà, kì í ṣe ẹja ni wọ́n lọ wò. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ National Association of Black Scuba Divers, tí Ọ̀mọ̀wé Albert José Jones àti Ric Powell dá sílẹ̀ lọ́dún 1991. Jones yìí ti ń kó àwọn èèyàn ẹ̀ jọ láti mòòkùn láti ọdún 1959, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà ni wọn ò ti ní í jẹ́ kí dúdú tẹsẹ̀ bọ omi.

Kí ni wọ́n wá lọ ṣe? Ọkọ̀ ẹrú kan ló rì síbẹ̀ lọ́dún 1700, Henrietta Marie lorúkọ ẹ̀. London ló ti gbéra, ó gba New Calabar, tó ti di ara Nàìjíríà lónìí, ó kó ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lọ ta nǹkan bí 190 nínú wọn ní Jamaica. Ìgbà tó kó ẹrù, tó ń padà lọ sílé, lòkun gbé e mì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti ọkọ̀ yìí ju ogún ọdún lọ, ó di 1972 kí wọ́n tó rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ Mel Fisher ló rí i, àwọn yẹn sì rèé, ọkọ̀ Sípéènì tó kó ìṣúra rì ni wọ́n ń wá. Wúrà ni wọ́n wá lọ, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n bá! Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀ lọ́dún 1983, wọ́n rí agogo ọkọ̀ náà, orúkọ ẹ̀ àti ọdún 1699 wà lára ẹ̀ ketekete. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó jáde níbẹ̀ ju ọgọ́rin lọ. Àwọn kan nínú ẹ̀ kéré débi pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè gbà.

Ohun tó mú àwọn òmùwẹ̀ dúdú yìí lọ nìyẹn. Wọ́n gbé òkúta kọnkéré kan sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, wọ́n fi irin tí wọ́n kọ̀rọ̀ ìrántí sí mọ́ ọn lára, wọ́n sì kọjú ẹ̀ sí Áfíríkà. Lábẹ́ omi, ẹnu ò ṣeé sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí ojú wọn rí ò jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Akọ̀ròyìn kan, Michael Cottman, tilẹ̀ kọ odidi ìwé lórí ẹ̀.

Ṣé fàájì wá burú ni? Rárá o. Àwọn tó ń lọ Key West ṣì ń lọ, ẹja ṣì ń run iyùn. Ṣùgbọ́n odò kì í gbàgbé orísun. Nílé ńbí náà, ọ̀pọ̀ ló ń wọkọ̀ ojú omi láti Badagry lọ ṣe fàájì ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á padà. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn gbà tí wọn ò fi padà wálé mọ́. Ẹ jẹ fàájì yín o, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ohun tí omi yẹn gbé lọ.