Omi beetroot àti eré sísá: ṣé òótọ́ ni, àbí ọjà lásán?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn eléré ìdárayá: wọ́n ní ẹni tó bá mu omi beetroot kó tó sáré, á pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣòwò ti sọ ọ́ di lúbúlúbú inú agolo. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀?

Ó wà, àmọ́ ó níbi tó mọ. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin 8 ní ìdajì lítà omi beetroot lójúmọ́, fún ọjọ́ 6. Nígbà tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ tagbáratagbára, wọ́n fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n mu omi èso mìíràn lọ.

Náítíréètì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó wà lórí ahọ́n wa ló ń yí i padà, ara á wá fi ṣe nitric oxide, èyí tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ gbòòrò. Ìdí rèé tí ẹni tó bá fi oògùn apakòkòrò fọ ẹnu fi lè ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé kó jọ ka náítíréètì mọ́ ìwọ̀nba àfikún oúnjẹ tí ẹ̀rí wà fún. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje gidi, ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni èrè ẹ̀. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 4 sáré, ìdá 1 ò ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lé díẹ̀. Ìyẹn lè sọ ẹni tó máa gba góòlù. Àmọ́ fún àwọn ògbóǹtarìgì tí ara wọn ti le bí irin, àǹfààní ẹ̀ kì í sábà tó nǹkan.

Ibi tí ewu wà gan-an rèé. Àjọ WADA ò fòfin de náítíréètì, àmọ́ ohun tó wà nínú agolo lè ju ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá rí oògùn tí wọ́n fòfin dè nínú ìtọ̀ eléré, òun ló máa dáhùn fún un. "Mi ò mọ̀" kì í sábà gbani sílẹ̀.

Ẹ má sì ra kẹ́míkà fúnra yín pò mu o! Náítíráìtì, tó fẹ́ jọ náítíréètì lórúkọ, lè pààyàn tó bá pọ̀ lára, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń tà lọ́jà náà ní náítíréètì dáadáa. Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń sáré, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra agolo, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sórí oúnjẹ gidi, bàtà àti kóòṣì tó mọṣẹ́.