Ẹ Má Tíì Da Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù

Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò rí òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ òní mu ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì, pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà ní ọdún 2017 ti di ẹrù àkìtàn, pé tuntun ni kí ìjọba rà, tàbí kí àwọn òbí dá owó rẹ̀.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Lójú tiwa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò kú rárá. Ọpọlọ wọn ni ó gbó, ọpọlọ náà sì lè ṣe é pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí yóò bá ṣe é pààrọ̀ tàbí kò ní ṣe é pààrọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀rọ nìkan ni ó ń pinnu rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ń pinnu rẹ̀, àwa tí a ń rà á sì ní ohùn níbẹ̀ bí a bá fẹ́ lò ó. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lónìí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pátákó gbalaja kan wà tí à ń pè ní mọ́dàbọ́ọ̀dù. Òun ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù dúró lé. Lórí rẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ni pròsẹ́sọ̀ jókòó sí: ohun pẹlẹbẹ kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò fún gbogbo ẹ̀rọ náà. Bí a bá yọ èyí tí ó ti gbó, tí a sì fi èyí tí ó yára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, àpótí, bọ́ọ̀dù àti rámù tí a ti fi owó rà tẹ́lẹ̀ yóò ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Owó ẹ̀yà kan ni a ó ná dípò owó odidi ẹ̀rọ. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká yàtọ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lóde òní, ṣe ni a jó pròsẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sì ṣe é yọ bí ẹni yọ gílóòbù.

Kì í ṣe gbogbo pròsẹ́sọ̀ ni ó lè wọ gbogbo bọ́ọ̀dù. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ ṣí. Èkíní ni sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: bí ẹsẹ̀ pròsẹ́sọ̀ kò bá bá ihò mu, ọ̀rọ̀ parí. Èkejì ni BIOS, ìyẹn ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tí ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Bí kò bá mọ pròsẹ́sọ̀ tuntun, kò ní gbà á lálejò. Ẹ̀kẹta ni iná: bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lè má lè bọ́ pròsẹ́sọ̀ tí ó ń jẹ iná púpọ̀. Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta jẹ́ ti irin àti iná. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kejì, ọwọ́ ènìyàn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé iṣẹ́ AMD ti Amẹ́ríkà gbé pròsẹ́sọ̀ Ryzen jáde fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ń jẹ́ AM4, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 1331. Ó ṣèlérí fún àwọn oníbàárà pé òun yóò dúró ti sọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí di ọdún 2020. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n gbàgbọ́, wọ́n sì ra bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà kéde pé Ryzen tuntun tí ń bọ̀ ní ìparí ọdún náà kò ní ṣiṣẹ́ àfi lórí àwọn bọ́ọ̀dù onípele 500. Ẹni tí ó ra B450 tàbí X470, kódà bí ó jẹ́ ní oṣù tí ó ṣáájú ni ó rà á, ti di ará ìta. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni, ihò kan náà ni. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì.

Àwọn oníbàárà kò dákẹ́. Àìrìn pọ̀ ni í jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí rìn pọ̀, wọ́n sì fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí AMD fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà: ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún náà, ó ní B450 àti X470 yóò gba pròsẹ́sọ̀ tuntun. Ní ọdún 2022, ó tún sún síwájú sí i. Àwọn bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ti ọdún 2017, ìyẹn A320, B350 àti X370, gba ìyọ̀ǹda bákan náà. Ẹni tí ó ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 2017 pẹ̀lú Ryzen 3 1200, tí kóòrù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré, lè wá fi Ryzen 5 5600 onírúurú kóòrù mẹ́fà rọ́pò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù kan náà, bí ẹni tí ó ṣe bọ́ọ̀dù náà bá ti pèsè BIOS tí ó yẹ. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ wá wo ìhà kejì. Ní oṣù kìíní ọdún 2017 kan náà, ilé iṣẹ́ Intel gbé pròsẹ́sọ̀ ìran keje jáde fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá, ìran kẹjọ ti dé. Iye ibi tí pròsẹ́sọ̀ ti ń fara kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kò yí padà. 1151 ni tẹ́lẹ̀, 1151 náà ni. Síbẹ̀ Intel ní bọ́ọ̀dù tuntun ni dandan. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé kóòrù ti pọ̀ sí i, a sì ti yí ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ padà. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n ọwọ́ kan tún BIOS bọ́ọ̀dù àtijọ́ tò fúnra wọn, pròsẹ́sọ̀ ìran kẹjọ sì ṣiṣẹ́ lórí díẹ̀ nínú wọn láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ yìí kò jọ ohun bàbàrà lójú ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, títí Windows 11 fi dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Microsoft ní, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, òun kò ní gba pròsẹ́sọ̀ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, òun kò sì ní gba Ryzen àkọ́kọ́ ti ọdún 2017. Ẹ fojú inú wo kọ̀ǹpútà méjì tí a rà ní ọjọ́ kan náà ní àárín ọdún 2017, tí a gbé sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì ni a kọ̀. Ti AMD, a lè tún BIOS rẹ̀ ṣe, kí a fi Ryzen tuntun sí i, kí a tan ẹ̀yà ààbò tí à ń pè ní TPM, yóò sì wọlé. Ti Intel, kò sí pròsẹ́sọ̀ orí tábìlì kan tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí fún bọ́ọ̀dù rẹ̀ tí ó lè mú un wọlé. Ọjọ́ orí kan náà, ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àní ti Intel yìí pàápàá kò tíì kú, nítorí pé Linux, tí a kì í san owó fún, yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa.

Kí a má ṣe ojúsàájú: àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ìṣòro tiwọn. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AM4 àtijọ́, àyè tí a fi BIOS pamọ́ sí kò ju mẹ́gábáìtì 16 lọ, kò sì rọrùn láti kó ìmọ̀ nípa gbogbo pròsẹ́sọ̀ ọdún púpọ̀ sínú rẹ̀. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, wọ́n ní láti yọ pròsẹ́sọ̀ ìṣáájú kúrò nínú rẹ̀ kí tuntun tó ráyè. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan náà wà níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 kí àwọn oníbàárà tó pariwo, ó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pariwo. Ohun tí wọ́n pè ní ìṣòro tí kò ní ojútùú rí ojútùú nígbà tí ẹni tí ó sanwó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ wa ba ẹ̀rọ jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ ni lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ bọ́ọ̀dù náà gan-an, kí ẹ sì wo àkọsílẹ̀ tí ẹni tí ó ṣe é fi síta nípa pròsẹ́sọ̀ tí ó lè gbà àti irú BIOS tí ó nílò. Ẹ tún BIOS ṣe nígbà tí pròsẹ́sọ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ má ṣe dán an wò lórí iná ìjọba nìkan. Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń yí padà, bọ́ọ̀dù náà lè kú pátápátá. Ẹ so ó mọ́ UPS tàbí íńfátà tí bátìrì rẹ̀ kún. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ fáànù orí pròsẹ́sọ̀ AM4, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ̀dà ìtutù abẹ́ rẹ̀ lè rọ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì yí fáànù náà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ẹni tí ó bá fà á tipátipá lè fa pròsẹ́sọ̀ tu kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti ń wáyé lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́, ibi ìdánwò ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé kí a kó ẹ̀rọ yàrá kọ̀ǹpútà dànù, ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, pròsẹ́sọ̀ àlòkù wà lórí àtẹ, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ bí a ti ń fi í sí ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró wò ó nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí wọn yóò rí kọ́ ní ọjọ́ náà kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ mọ ohun tí ìlérí jẹ́. Ẹ ti gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé nígbà ìbò, ẹ sì mọ ojú tí ará ìlú fi ń wo ẹni tí kò mú un ṣẹ. Nígbà tí àwọn aṣojú yín bá kó kọ̀ǹpútà wá fún ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ayàwòrán yí wọn ká, ẹ má ṣe ka iye àpótí nìkan. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé a lè pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ yìí? Ọdún mélòó ni ẹni tí ó ṣe é ṣèlérí pé òun yóò máa pèsè BIOS fún un? Ṣé ìlérí náà wà nínú ìwé àdéhùn, àbí ẹnu lásán ni? Owó ìlú ni a fi rà á. Ìjọba tí ó ń ra ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lágbára ju oníbàárà kan ṣoṣo lọ. Bí ó bá béèrè, òǹtajà yóò dáhùn.

Bí a kò bá béèrè, kì í ṣe owó nìkan ni yóò ṣòfò. Bọ́ọ̀dù tí a bá dà sí àkìtàn kì í jẹrà bí ewé. Àwọn tí ó ń wá bàbà yóò dáná sun ún, àwọn ọmọ wa ni yóò sì fa èéfín olóró náà símú.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá ti kú tán, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Èyí tí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ nìkan ni ó gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ kan ilẹ̀kùn náà, kí ẹ kàn án pọ̀. Ní ọdún 2020, àwọn kan kàn án, a sì ṣí i.