Ta Ló Ni Kòtò Ẹ̀yìn Ọgbà Wa?

Ọ̀rọ̀ adágún omi tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé ni mo bá wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ẹ̀rọ bá ti lọ, ibẹ̀ la máa ń yọ́ lọ pọnmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ máa gé koríko. Èmi náà ti gé koríko yẹn rí.

Ní táàmù tó kọjá, ọmọ JSS 1 kan tí a jọ lọ yọ̀, ó sì ré sínú ẹ̀. Etí adágún yẹn ò dà bí etí odò tó ń jìn díẹ̀díẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré, o ti wà nínú ibú. Bẹ́líìtì la fi fà á jáde. A ò sọ fún matron. Mo ń sọ ọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Kì í ṣe Ọlọ́run ló gbẹ́ kòtò yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa tánganran ní Jos. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1942 sí 1944, ìjọba wọn fi tipátipá kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin wá láti Àríwá láti wá wà á, ọ̀pọ̀ sì kú. Nígbà tó di 1985, ọjà tánganran wó káàkiri àgbáyé. Àwọn iléeṣẹ́ kẹ́rù lọ, kòtò wọn kù sílẹ̀, òjò sì rọ̀ kún un. (Àwọn Hausa ń pe tánganran ní kuza. Mo rò pé ibẹ̀ ni kùsà tiwa ti wá.)

Mi ò ní purọ́, ìdílé wa náà jẹ níbẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá ta aṣọ fún àwọn awakùsà.

Òfin wà o. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ẹni tó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kó sì dá owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbẹ́ tiwa ti lọ kí òfin yẹn tó dé. Ta la fẹ́ mú? Èmi rò pé ìjọba ni. Òfin 1946 sọ pé tìjọba ni gbogbo kùsà inú ilẹ̀, ti 2007 náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni tánganran ló ni kòtò.

Àwọn kan ní kí wọ́n dí gbogbo ẹ̀ pa. Mi ò fara mọ́ ọn. Omi adágún wọ̀nyí làwọn àgbẹ̀ ń fà sí oko pọ̀tétò àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní Rayfield pàápàá wọ́n ti sọ ọ̀kan di ibi ìgbafẹ́. Èyí tó bá sún mọ́ ilé ìwé àti ilé ni kí wọ́n dí, tàbí kí wọ́n ṣe ọgbà yí i ká. Kí wọ́n sì wo iyanrìn tí wọ́n ṣẹ́ kù síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí monazite wà nínú òmíràn, thorium tó ń tú ìtànṣán jáde sì wà nínú monazite. Àwọn èèyàn ń fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ forí jì mí, gígé koríko kò lè dá wa dúró. Ẹni tí kò rómi wẹ̀ kò bẹ̀rù àdá. Ẹ bá wa bẹ àwọn òbí nípàdé PTA kí wọ́n gbẹ́ borehole, kí ẹgbẹ́ wa sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọgbà yẹn. Mo ti kọ ìdajì lẹ́tà náà.

Ọmọ JSS 1 yẹn ṣì ń lọ síbẹ̀. Mo rí i ní Sátidé, òun pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù méjì.