Ìrora Tí Kò Ṣeé Fi Han Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní inú ẹni kì í dùn kí á pa á mọ́ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrora ńkọ́? Ọdún mẹ́ta tí mo ti lò ní ọgbà yìí ni mo fi ń pa tèmi mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo ní, àrùn tí à ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí ó ṣe mí, ibà ni mo máa ń dáhùn. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti tọrọ àánú o. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó dá mi lójú pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa kò tíì mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí ìrora ń bá gbé lò.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ bá olùkọ́ kan pé ara mi kò dá tó láti ṣe ìdánwò kékeré tí wọ́n fún wa. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí mo rí ọ lánàá níwájú ilé ìkàwé tí ò ń rẹ́rìn-ín?" N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni pé mo rẹ́rìn-ín lánàá. Òótọ́ sì ni pé ìrora wà lára mi bí mo ti ń rẹ́rìn-ín náà. Bí mo bá ní kí n dúró de ọjọ́ tí ibì kankan kò ní dùn mí kí n tó fi eyín hàn, n óò dúró pẹ́.

Oríṣi méjì ni ìrora. Ọ̀kan dà bí ìgbà tí iná bá jó ni lọ́wọ́: bí egbò bá ti jinná, ó parí. Èkejì ni èyí tí ó jókòó ti ni. Àwọn dókítà ní bí ìrora bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tán, tàbí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ti èkejì yìí ni. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àkójọ àrùn tuntun, wọ́n sì fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé náà.

Méjèèjì ni mo ní. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, àwọn ohun pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé. Wọn a dí ojú iṣan, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ìrora ńlá a sì dé. Èyí ni crisis tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ìbàdí mi dáadáa ti ba orí egungun itan mi jẹ́. Ìrora ti ibẹ̀ kì í lọ. Ó ń bá mi sùn, ó ń bá mi jí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ajá ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ ajá ni kí ó gbó bí olè bá dé. Ṣùgbọ́n ajá tí olè ń dà láàmú lóròòru, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbó ewé tí ó jábọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ẹni tí ìrora ti bá gbé pẹ́. Ohun tí kò tó nǹkan a máa dùn ún púpọ̀. Irọ́ kọ́ ni ajá ń pa. Etí rẹ̀ ni ó ti mú jù.

Kí a má sì rò pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó ní àrùn yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ní ọdún 1910, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Grenada tí ó ń kọ́ ìṣègùn eyín ní Chicago. Ó gba oyè rẹ̀, ó sì padà sílé lọ ṣiṣẹ́.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Bí ara bá yá mi, mo máa ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ kan, n óò sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nísinsìnyí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣe é lójoojúmọ́, yálà ara yá tàbí kò yá. Mò ń mu omi púpọ̀, mo ń sá fún òtútù, mo ń rìn níwọ̀nba. Mo ti jáwọ́ nínú oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, nítorí pé oògùn ìrora tí a ń lò láìbi dókítà léèrè lè dá ọgbẹ́ sí ni nínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Hydroxyurea, tí ìwádìí fi hàn ní 1995 pé ó ń dín crisis kù, dókítà ni ó ń fún mi, tí ó sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Àwọn olùkọ́ yóò wí pé akẹ́kọ̀ọ́ elékèé pọ̀. N kò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lábàá pé kí ẹni tí ó bá ní irú àìsàn yìí fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kí ìwé dókítà sì ti dé ọwọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Kí a fún un ní yàrá ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe ní òkè kẹta. Kí a jẹ́ kí ó mú omi àti aṣọ òtútù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Èwo ni ó wọ́n jù nínú ìwọ̀nyí?

Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà. Nínú ènìyàn mẹ́rin wa, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ní AS. Ẹni tí ó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì lè wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ìwọ náà yóò bí lọ́la sì lè wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Láti òní lọ, bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ó ṣe mí, n kò ní í pe ibà mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá sọ ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.