Èrò Mi Lórí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Ó Ń Falẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ń fẹ́ nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìbọn, ẹ̀ṣẹ́ àti eré àsápajúdé. Bí ojú ìwé mẹ́wàá bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sá, wọn a ní ìwé náà kò dùn, wọn a sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò láti mọ apànìyàn. Ní tèmi o, n kò fara mọ́ wọn. Ìwé tí ó yí mi lọ́kàn padà ni The Singing Sands, tí Josephine Tey kọ. Ìlú Inverness ní ilẹ̀ Skọ́tílándì ni a ti bí obìnrin náà. Ọdún 1952 tí ó kú náà ni ìwé yìí jáde.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Alan Grant, ni ó gba ìsinmi àìsàn. Iṣẹ́ àṣejù ti dá a lágara débi pé ẹ̀rù a máa bà á bí ó bá wà nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin òru láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Skọ́tílándì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ń jí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rò pé ọtí ń pa. Grant rí i pé ó ti kú. Ìwé ìròyìn tí òkú náà kọ ewì sí lára ni Grant ṣèèṣì kó mọ́ ẹrù tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ẹja ni ó lọ ń pa! Ó wà lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin, ó ń ju ìwọ̀ sínú odò, ó ń rìn lórí òkè. Ó tilẹ̀ lọ sí erékùṣù kan nínú ìjì láti wá iyanrìn tí ń kọrin tí ewì náà mẹ́nu bà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti rí ìdí ikú náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ibí yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan ká ìwé náà dé sí, tí ó dá a padà fún mi, tí ó ní, "Irú ọlọ́pàá wo nìyí?"

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ó yára. Àwọn aláṣẹ yára pinnu pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà mutí yó, ó ṣubú, ó fi orí gbá àwo ìfọwọ́. Wọ́n yára gbà pé ará Faransé kan ni, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un. Ó parí. Bí kì í bá ṣe ti aláìsàn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ro ewì òkú lọ, ọmọ ọlọ́mọ ìbá sùn sínú orúkọ ẹlòmíràn títí láé, ẹni tí ó pa á ìbá sì máa yan fanda kiri. Ìfalẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Kí n tó mọ orúkọ òkú náà gan-an, mo ti bá a gbé pẹ́. Ikú rẹ̀ dùn mí. Mo ti ka ìwé mìíràn tí wọ́n ti pa ènìyàn mẹ́fà, n kò sì rántí orúkọ ẹnì kan nínú wọn.

N kò sọ pé ìwé náà kò ní àbùkù. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn: lẹ́tà kan ni apànìyàn fi jẹ́wọ́ ohun gbogbo, bí ẹni pé òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ọ̀rẹ́ mi ti tún wá yá a. Mo fi òwú so ogún ojú ìwé tí ó gbẹ̀yìn pọ̀ kí n tó fún un.