Kì í ṣe Lọ́yà ló ń Kọ Kóòdù

Irọ́ kan wà láàárín àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà tó yẹ ká pa tì. Irọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ òfin, iṣẹ́ lọ́yà ni. Tiwa ni pé kí áàpù ṣáà ti ṣiṣẹ́.

Ẹ wo àwọn áàpù ẹ̀yáwó. Ẹni tó ń wá ₦10,000 tẹ "mo gbà", làwọn kan nínú wọn bá kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀: ti ìyá rẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀, ti ẹni tó ń ta gáàsì ládùúgbò. Bí owó bá pẹ́ díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á máa wọlé fún gbogbo wọn pé olè ni. Ta ló kó nọ́ńbà yẹn? Lọ́yà kọ́ o. Developer kan ló jókòó tó kọ kóòdù tó kó wọn lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Loan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà. Ohun tó ní ká ṣe kò ṣòro ó yé: ohun tí iṣẹ́ nílò nìkan ni ká gbà, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà, ẹni tó gbà lánàá lè yí ọkàn padà lónìí. Bí dátà bá jò, tó sì lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 la ní láti fi tó àjọ NDPC létí. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin lè san ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù.

Àwọn kan á ní irú òfin báyìí ló ń pa ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Lóòótọ́, owó lọ́yà wọ́n, ìwé tí wọ́n ń béèrè sì pọ̀. A ò jiyàn. Àmọ́ èló ló ń náni láti má béèrè ọjọ́ ìbí ẹni tó kàn fẹ́ ra bàtà? Server tí kò sí BVN ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ kò lè jo BVN. Dátà tí a kò gbà, olè kan ò lè jí i.

Òfin kan náà ní kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń tọrọ ìyọ̀ǹda yé èèyàn. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà ń lo áàpù wa, a wá kó Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà jàn-àn-ràn jan-an-ran síwájú rẹ̀, a ní ó ti gbà. Kí ló gbà? Gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta péré ì bá tó o.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátà: owó ìtanràn ò lè kó o padà sínú èèpo. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá tún ní ká fi "gba nọ́ńbà inú fóònù wọn" kún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká bi í ní gbangba: kí la fẹ́ fi ṣe? Bí kò bá rí èsì gidi fún wa, ká má kọ ọ́.