Kọmíṣánà, Ẹ Gba Kúwérì Lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nì

Sí Kọmíṣánà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, lóru ọjọ́ kan tí àwa méjì péré wà lẹ́nu iṣẹ́, tí iná sì ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.

Àsìkò abẹ́rẹ́ ọmọ kan tó. Mo nawọ́ sínú tíréè, mo mú ìgò kékeré kan tí mo rò pé omi tí a fi ń po oògùn ni. Mo ti ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, mo ti fà á sínú síríńjì, kí ìyá ọmọ náà tó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ láti wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo fi rí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò: potassium chloride. Lójú, òun àti omi ò yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gún un fún ní iṣan láìtíì bomi là á, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró kí wọ́n tó rí dókítà pè.

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ sọ fún mátírọ́ọ̀nì. Mo rò pé wọ́n á yọ ìgò yẹn kúrò nínú tíréè. Kúwérì ni mo gbà: kí n ṣàlàyé láàárín wákàtí 48 ìdí tí wọn ò fi ní fìyà àìbìkítà jẹ mí. Mo kọ èsì, mo bẹ̀bẹ̀. Ìgò omi àti ti potassium chloride ṣì wà pọ̀ nínú tíréè náà títí mo fi kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn. Láti ọjọ́ náà n kò sọ àṣìṣe mi fún ẹnikẹ́ni mọ́, kì í sì í ṣe pé n kò ṣe òmíràn.

Ọ̀gá mi, gbólóhùn méjì la fi ń sin irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí aláìsàn bá kú, a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí kò bá kú, a ní orí yọ ọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, èmi náà ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n orí tó yọ ọmọ yẹn, ṣé ó máa ṣọ́ tíréè wọ́ọ̀dù kejì?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí àjọ tó ń mójú tó ààbò aláìsàn fi síta ní 2002, orí oògùn yìí gan-an ló dá lé: kí wọ́n kó èyí tí a kò tíì bomi là kúrò láàárín wọ́ọ̀dù, kí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó bá ti pọn dandan. Àṣìṣe tèmi làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ṣe. Àwọn kan sọ tiwọn jáde, ẹni tó gbọ́ sì ṣe nǹkan kan.

Kì í ṣe pé a ò lè ṣe é níbí. Ní 2008, nígbà tí àwọn ọmọ jòjòló ń dé ilé ìwòsàn láìlè tọ̀, àwọn dókítà ké síta. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé diethylene glycol wà nínú oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọmọ tó bá a lọ lé ní 50. Ká ní oníkálukú panu mọ́ ni, ìbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: àṣìṣe ẹlòmíràn ni dókítà ń sọ níbẹ̀. Tara ẹni ló nira.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ròyìn àṣìṣe, ẹ má fi nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò gbọ́ ìròyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ: mátírọ́ọ̀nì, olórí ẹ̀ka, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Kí wọ́n kọ́ láti béèrè bí ara aláìsàn ti rí, àti ohun tó ṣínà fún àṣìṣe náà, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ṣe é. Kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kò ní gba kúwérì. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣèkà, tàbí tó mutí yó wá síbi iṣẹ́, ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀.

Fọ́ọ̀mù olójú ewé kan ti tó, kó sì wà lédè Yorùbá pẹ̀lú, torí àwọn tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù máa ń rí ohun tí dókítà kì í rí. Kí àyè “orí yọ ọ́” wà nínú rẹ̀. Kí èsì sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, kó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kò ní kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ya ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún ààbò aláìsàn. Bó bá kan tọdún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe àwọn mátírọ́ọ̀nì jọ, kí ẹ ka orí-yọ-ọ́ mẹ́ta sí wọn létí láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ lè fi tèmi ṣáájú. Kúwérì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lè mú un wá.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo.